Àpáàdì Ló Tó Ko Iná Lójú

Àpáàdì ló tó ko iná lójú. Ẹni tó bá dàgbà ní Ènuwá, níwájú ààfin Ọọ̀ni, kì í pẹ́ mọ ìdí òwe yìí, torí pé àpáàdì àwọn baba wa ṣì wà nínú ilẹ̀ Ifẹ̀ títí dòní. Wọ́n fi tẹ́ àgbàlá, wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà. Wọ́n to ó lóròó, ọ̀kan fún mọ́ èkejì, títí ilẹ̀ fi le gbagidi. Ìtàn ìlú wa ní Lúwòó, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ rẹ̀. Ní Igbó Olókun, ní Ifẹ̀ kan náà, ìkòkò amọ̀ ló gba iná tó yọ́ gíláàsì tí wọ́n fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Amọ̀ tó bá ti jóná dáadáa kì í ṣe ẹgbẹ́ ohun yẹpẹrẹ.

Ẹ̀wù ayẹta ló mú mi rántí àpáàdì. Láti ìgbà tí ẹ̀ṣọ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn ti bẹ̀rẹ̀ lóṣù kìíní ọdún 2020, àti pàápàá láti ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022 tí wọ́n pa àwọn olùjọ́sìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀ ààbò kò kúrò lẹ́nu wa. Àdúgbò ń dá owó fún ọdẹ alẹ́. Bí owó bá sì kéré, àwo ayẹta olówó pọ́ọ́kú, èyí tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀wù náà, ni ojú ń lọ sí. Ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe pé kí ẹ má rà á. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, torí àyà ọmọ ọlọ́mọ ni yóò wà lẹ́yìn rẹ̀.

Amọ̀ ni àwo tí mò ń wí, àmọ́ kì í ṣe irú amọ̀ tí àwọn ìyá wa fi ń mọ ìkòkò ní Ìpetumodù. Ìyẹ̀fun alumina ni ti olówó pọ́ọ́kú, tí wọ́n fún pọ̀, tí wọ́n sì sun nínú iná tó gbóná ju 1,500 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ọta bá bà á, ojú rẹ̀ tó le yóò fọ́ ṣóńṣó ọta náà, òun fúnra rẹ̀ yóò sì fọ́ níbẹ̀. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ìpele-ìpele tó wà lẹ́yìn rẹ̀, bíi Kevlar tàbí polyethylene, ni yóò wá gba àfọ́kù dúró. Ẹ kíyè sí i: fífọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ àwo tòkunbọ̀ láéláé. Ta ló mọ iye ìgbà tó ti já bọ́ láti orí ọkọ̀?

Ìyá àgbà mi kì í ra ìkòkò kí ó má kàn án. Yóò fi ọwọ́ òsì gbé e sókè, yóò fi eegun ìka àárín kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, yóò sì dẹ etí sí i. Bó bá dún gooro, ó di tirẹ̀. Bó bá dún pẹ́kẹ́, ó ti sán níbì kan, yóò rọra gbé e padà. Ọgbọ́n yìí kò ṣiṣẹ́ tó lórí àwo ayẹta, nítorí fóòmù, aṣọ àti okùn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ti pa ohùn rẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà a máa fi ẹ̀rọ X-ray wo tiwọn. Bí tiyín bá já bọ́ lórí sìmẹ́ǹtì, ẹ má fi í sí àyà ẹnikẹ́ni mọ́ títí tí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìwọ̀n àwo kì í sábà purọ́. Nínú amọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe é, boron carbide ló fúyẹ́ jù, owó rẹ̀ sì ga. Silicon carbide tẹ̀ lé e. Alumina ló wúwo jù, òun náà ló dọ̀pọ̀ jù. Àwo alumina ìpele IV, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe fún ọta tó lè gún irin, tó tó bo àyà àgbàlagbà a máa tó kílò mẹ́ta sí mẹ́ta àbọ̀. Nítorí náà, àwo tó dọ̀pọ̀ tó sì wúwo lè jẹ́ ọmọlúàbí. Èyí tó dọ̀pọ̀, tó fúyẹ́, tí wọ́n sì ń pè ní ìpele IV ni kí ẹ sá fún.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àjọ NIJ ti ìjọba Amẹ́ríkà ló ń gbé òṣùwọ̀n àwọn àwo yìí jáde, ọ̀kan ní 2008, tuntun ní 2023. Àwo tó yege wà nínú ìwé orúkọ wọn, ọ̀fẹ́ sì ni kíkà rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ sára ọjà rẹ̀ pé òun dán an wò “gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n NIJ” lè má sí nínú ìwé náà rárá. Ẹ wá orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ tó san owó. Ìpele IIIA kò lè dá ọta AK dúró. Ìbọn ìléwọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Nínú òṣùwọ̀n 2023, ìpele RF1 ni wọ́n ti fi ọta AK sínú ìdánwò. Ìpele IV ti 2008 sì rèé, ọta kan péré tó lè gún irin ni òṣùwọ̀n ní kí ó gbà. Ẹ má retí pé kí ó gba mẹ́wàá.

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbóná. Bí mẹ́wàá bá ni ẹ fẹ́, ẹ ra mọ́kànlá láti inú ẹrù kan náà. Kí àwọn agbófinró gbé ìkọkànlá lọ sí pápá ìyìnbọn wọn, kí wọ́n fi amọ̀ rírọ̀ sẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n yìnbọn sí i. Bí ọta kò bá tilẹ̀ yọ sẹ́yìn, ẹ wọn kòtò tó wà nínú amọ̀ náà. Òṣùwọ̀n 2008 kò gbà kí ó jìn ju mìlímítà 44 lọ. Mo mọ̀ pé owó mọ́kànlá á dun ẹni tó ń ṣọ́ owó ná. Síbẹ̀, ẹ má ṣe dán an wò lára ènìyàn, bó ti wù kí olùtà fọwọ́ sọ̀yà tó. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ló ti kú níbi tí wọ́n ti ń dán oògùn ayẹta wò lára wọn.

Ẹ má kó àwo ayẹta wọ orílẹ̀-èdè wa láìgbàṣẹ o. Ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò ló ń fúnni níwèé àṣẹ irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ẹ bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ kí ẹ tó dá owó.

Ẹ̀yin olórí àdúgbò tí ẹ ti rà á, mo bẹ̀ yín, kí ọdẹ yín tó jáde lálẹ́ òní, ẹ fa àwo náà yọ, kí ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá kọ Strike Face sí, ìta ni kí ó kọjú sí. Bí ẹ bá rí ICW, kò lè dá dúró, àfi kí ẹ̀wù ayẹta rírọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ kò bá sì rí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, orúkọ ẹni tó ṣe é, àti ìpele rẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á fún yín.