Ẹ Tọ Owó Lẹ́yìn: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Tí Ń Ṣèwádìí Ọrọ̀-Ajé Ìsìláàmù

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ fẹ́ kọ ìwé lórí báńkì tí kì í gba èlé, ẹ fetí sílẹ̀.

1. Ẹ má fi orúkọ àdéhùn ṣe ẹ̀rí. Bí báńkì bá ní mùráábáhà lòun ṣe, ohun tó ń wí ni pé òun ra ọjà, òun sọ iye tóun rà á àti èrè tóun fi lé e, òun sì tà á láwìn. Ó dáa. Ṣé ọjà náà tiẹ̀ di ti báńkì rí? Ká ní ó jóná kó tó tẹ oníbàárà lọ́wọ́, ta ni yóò gbé àdánù náà? Ẹ wo tawarruq: oníbàárà á ra irin láwìn, báńkì kan náà á bá a tà á lójú ẹsẹ̀ fún ẹlòmíràn ní iye tó kéré sí i. Owó dé ọwọ́ oníbàárà, kò fojú kan irin. Ní Sharjah lọ́dún 2009, ìgbìmọ̀ onímọ̀ òfin Ìsìláàmù lágbàáyé ní èyí tí báńkì ṣètò báyìí kò tọ́. Síbẹ̀, àwọn báńkì kan ò jáwọ́. Kí ló dé? Iṣẹ́ yín nìyẹn.

2. Láti dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, kéwú nìkan kò tó, ìṣirò nìkan kò tó.

3. Ẹ ka Siddiqi àti Chapra, àwọn onímọ̀ tó ń gbè lẹ́yìn ọrọ̀-ajé Ìsìláàmù, kí ẹ sì ka alátakò: Timur Kuran, àti Mahmoud El-Gamal tó kọ ìwé tirẹ̀ ní 2006. Bí wọ́n bá bí yín nínú, ẹ fi àkọsílẹ̀ owó dá wọn lóhùn. (Èébú kì í ṣe ìwádìí, bó tilẹ̀ dùn lẹ́nu.)

4. Ẹ mọ ìtàn. Ahmad El-Najjar dá báńkì Mit Ghamr sílẹ̀ ní Íjíbítì lọ́dún 1963. Ọ̀dọ̀ àwọn báńkì ìfowópamọ́ Jámánì ló ti rí àwòkọ́ṣe, àwọn mẹ̀kúnnù ló sì ṣe é fún. Ìpàdé lórí ọrọ̀-ajé Ìsìláàmù tó wáyé ní Mẹ́kà lọ́dún 1976 ló wá sọ ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀kọ́ yunifásítì.

5. Ẹ má fi ti ilé sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi sukuk, ìyẹn ìwé ìdókòwò tí kò ní èlé nínú, kọ́ ilé ẹ̀kọ́ ní 2013; ìjọba àpapọ̀ náà fi sukuk gba bílíọ̀nù 100 náírà ní 2017 fún ọ̀nà 25. Owó háyà ni wọ́n pe èrè rẹ̀, ìdá 16.47 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ta ló ni ọ̀nà náà lórí ìwé? Báwo ni wọ́n ṣe ṣírò háyà ọ̀nà? Ẹ wá ìwé àdéhùn yẹn kà kí ẹ tó kọ orí kìíní.