Àdéhùn Ẹ̀yìn Ọjà: Ìmọ̀ràn fún Àwọn Ọ̀dọ́ Tí Ń Ta Kọ̀ǹpútà Alágbèéká ní Òkè-Ògùn

Nínú òwò kọ̀ǹpútà alágbèéká, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní láptọ́ọ̀pù, ohun mẹ́ta ni àwọn òǹtajà máa ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn, tí ìdàpọ̀ náà sì máa ń bí ìjà bó pẹ́ bó yá. Èkíní ni wáráńtì ilé-iṣẹ́, ìyẹn ìlérí tí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ṣe pé bí ó bá bàjẹ́ láàárín àkókò kan nítorí àléébù tí ó ti ara rẹ̀ wá, tí kì í ṣe pé ẹnìkan ló fọwọ́ fà á, àwọn yóò tún un ṣe tàbí kí àwọn pààrọ̀ rẹ̀. Èkejì ni ìlérí alágbàtà fúnra rẹ̀, tí ó lè jẹ́ ti ọjọ́ méje, oṣù kan tàbí oṣù mẹ́ta, tí ó sì jẹ́ pé àpò alágbàtà yìí gan-an ni owó yóò ti jáde bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀tọ́ tí òfin fún òǹrajà, èyí tí kò dúró de ìlérí ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ́ òǹtajà tí kò bá ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ yóò máa san gbèsè tí kì í ṣe tirẹ̀ lónìí, yóò sì máa sá fún èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀ lọ́la.

Kò ṣòro láti mọ àwọn tí ń ra ẹ̀rọ yìí ní Òkè-Ògùn: akẹ́kọ̀ọ́ Pólì Òkè-Ògùn ní Ṣakí, akẹ́kọ̀ọ́ ọgbà LAUTECH tí ó wà ní Ìsẹ́yìn, agùnbánirọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní àgọ́ NYSC ìlú Ìsẹ́yìn kan náà, olùkọ́, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, àti òbí tí ń rà á fún ọmọ. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń rà, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n ti lò ní òkè òkun kí ó tó dé Nàìjíríà, tí ó sì máa ń gba ọjà Computer Village ní Ìkẹjà kọjá, tàbí ọwọ́ àwọn olówò Ìbàdàn, kí ó tó wọ ọkọ̀ Òkè-Ògùn. Nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wò ní èbúté Èkó ní ọdún 2015 àti 2016, wọ́n rí i pé ó kéré tán ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ohun èlò tòkunbọ̀ tí ń lo iná ni kò ṣiṣẹ́ rárá. Ẹni tí yóò fojú kojú pẹ̀lú oníbàárà lórí ẹrù náà ni alágbàtà tí ó wà ní ìparí ọ̀nà, nítorí pé oníbàárà kò mọ ará Ìkẹjà, ẹni tí ó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ṣakí ni ó mọ̀.

Òfin tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí jù lónìí ni òfin ìdíje ọjà àti ìdáàbòbò òǹrajà ti ọdún 2018, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, tí ó sì dá àjọ FCCPC sílẹ̀. Abala 122 nínú rẹ̀ sọ pé òǹrajà lè dá ọjà padà láàárín àkókò tí ó bójú mu, kí ó sì gba owó rẹ̀ pé, bí ó bá ti sọ ohun tí ó fẹ́ fi ọjà náà ṣe fún òǹtajà tí ọjà náà kò sì wúlò fún un, tàbí bí kò bá ní àǹfààní láti yẹ ọjà náà wò kí wọ́n tó gbé e fún un, tí ó wá rí i pé kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ṣàpèjúwe. Òfin kan náà béèrè pé kí òǹtajà fi hàn gbangba bí ọjà kan bá jẹ́ èyí tí wọ́n tún ṣe, kí ó sì fún oníbàárà ní ìwé ẹ̀rí ìsanwó. Kí òfin yìí tó dé ni òfin ọjà títà tí Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà àtijọ́ mú láti inú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1893 ti sọ pé ọjà tí a fi àpèjúwe tà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe náà mu. Nítorí náà, gbólóhùn tí àwọn ṣọ́ọ̀bù máa ń tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì pé owó tí a bá ti san kò ní padà mọ́ kò ní agbára tí àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ rò pé ó ní, àjọ FCCPC sì ti kìlọ̀ lé e lórí léraléra. Ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ ti bá oníbàárà jà kí ìjà tó dé.

Apá tí àwọn ọ̀dọ́ kì í sábà kíyè sí nínú abala náà ni ọ̀rọ̀ nípa ohun tí òǹrajà fẹ́ fi ọjà ṣe. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá sọ pé AutoCAD ni òun fẹ́ fi yàwòrán ilé, tí òǹtajà sì gbé ẹ̀rọ Celeron tí RAM rẹ̀ kò ju 4GB lọ fún un, ẹ̀rọ náà lè má ní àléébù kankan, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ẹ̀tọ́ láti gba owó rẹ̀ padà. Ó yẹ kí òǹtajà béèrè iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yóò ṣe kí ó tó dárúkọ iye owó, kí ó sì kọ ìdáhùn náà sórí rìsíìtì, nítorí pé àkọsílẹ̀ náà yóò gba oníbàárà lọ́wọ́ ìrẹ́jẹ, yóò sì gba òǹtajà lọ́wọ́ ẹni tí yóò yí ọ̀rọ̀ padà lọ́sẹ̀ kejì. Ẹni tí ó kàn rí i pé ẹlòmíràn ń tà á ní owó pọ́ọ́kú ní Ìsẹ́yìn kò sí lábẹ́ abala yìí ní tirẹ̀, bí òǹtajà bá sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, inú rere ni, kì í ṣe ọ̀ranyàn.

Níbi tí ọ̀ràn yìí ti le jù lọ ni iye ọjọ́. Kí òǹtajà tó ṣe ìlérí fún ẹni tí yóò rà lọ́wọ́ rẹ̀, ìlérí tí ẹni tí òun náà rà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe fún un ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wò, nítorí pé ìlérí méjèèjì kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Bí olówò Ìkẹjà bá fún un ní ọjọ́ méje láti dán ẹ̀rọ wò, ọjọ́ tí ó sanwó ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ náà lè lo ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́nà, kí ó sì jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú àpótí gíláàsì ní Ṣakí kí ẹnìkan tó rà á. Bí òǹtajà bá wá fún oníbàárà ní ọjọ́ mẹ́rìnlá, ọjọ́ mẹ́rìnlá náà kò ní alátìlẹ́yìn kankan, òun nìkan ni ó rù ú. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni owó òwò wọn ti bá irú ẹrù yìí lọ, tí wọ́n sì ń fẹ̀sùn kan oníbàárà pé ó fọwọ́ ba ẹ̀rọ jẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ìṣirò ọjọ́ tiwọn ni kò pé.

Àwọn ọ̀nà àbáyọ wà, ṣùgbọ́n wọn kò dọ́gba. Èyí tí ó rọrùn jù ni pé kí òǹtajà dán gbogbo ẹ̀rọ wò láàárín ọjọ́ méjì tí ẹrù bá wọlé, kì í ṣe ní ọjọ́ tí oníbàárà bá dé, kí ó lè dá èyí tí ó ní àléébù padà nígbà tí ọjọ́ tí olówò Ìkẹjà fún un kò tíì pé. Èyí tí ó ṣòro díẹ̀ ni dúnàádúrà pẹ̀lú olówò náà pé, bí kò bá tilẹ̀ ní dá owó padà lẹ́yìn ọjọ́ méje, kí ó gbà láti pààrọ̀ ẹ̀rọ tàbí kí ó yọ iye kan kúrò nínú owó ẹrù tí ń bọ̀. Ẹni tí ó ń ra ẹrù lọ́wọ́ ènìyàn kan ṣoṣo fún ìgbà pípẹ́ ni ó sábà máa ń rí èyí gbà, ìdí sì nìyí tí kò fi dára kí ọ̀dọ́ máa sáré láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù ní Ìkẹjà nítorí ẹgbẹ̀rún náírà méjì tí ó dín. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù, tí a kì í sì í fẹ́ gbọ́, ni pé kí a yọ nǹkan sọ́tọ̀ nínú èrè ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan fún àtúnṣe. Bí a bá fi àpẹẹrẹ sọ ọ́, ẹni tí ó ta ẹ̀rọ 20 láàárín ìlàjì ọdún, tí ó sì yọ 5,000 náírà nínú èrè kọ̀ọ̀kan, ní 100,000 náírà nílẹ̀, iye yẹn gan-an ni ó sì yẹ kí ó fi díwọ̀n gígùn ìlérí rẹ̀. Bí kò bá ní àpò bẹ́ẹ̀, kí ìlérí rẹ̀ kúrú.

Bí ó bá kan dídán ẹ̀rọ wò, títàn án kí àwòrán Windows sì yọ kò tó. Láti Windows 8 sókè, àṣẹ powercfg /batteryreport máa ń gbé ìwé kan jáde tí ó fi agbára tí wọ́n ṣe bátìrì láti gbà hàn, àti èyí tí ó ń gbà nísinsin yìí. Bí èkíní bá jẹ́ 50,000 tí èkejì sì jẹ́ 28,000, ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kù, ó sì yẹ kí oníbàárà rí nọ́ńbà náà pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. CrystalDiskInfo yóò sọ bí ara dísìkì ṣe le tó. Kí òǹtajà so ẹ̀rọ náà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ó bá ti fi Windows tuntun sí i, nítorí pé àwọn kan nínú ẹ̀rọ tí ó ti ọ́fíìsì òkè òkun wá ṣì wà lábẹ́ àkóso ilé-iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ ni wọ́n, tí yóò sì béèrè íméèlì ilé-iṣẹ́ náà kí ó tó ṣí. Irú èyí kò yẹ ní títà rárá. Kí ó wo bọ́tìnnì ìtẹ̀wé pẹ̀lú, nítorí pé èyí tí ó ti ilẹ̀ Faransé wá, tàbí láti Bẹ̀nẹ̀ tí kò jìnnà sí Ṣakí, máa ń ní ìtò lẹ́tà AZERTY, A àti Q á gba ipò ara wọn, ohun tí yóò sú akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Microsoft parí àtìlẹ́yìn tí ó ń ṣe fún Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀rọ Intel tí kò bá tó ìran kẹjọ kò sí lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí fún Windows 11; ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí ó wà lórí àtẹ lónìí wà ní ìsàlẹ̀ ìlà yìí, ẹni tí ó bá sì tà á láìsọ ti fi ìdí ìdápadà sílẹ̀ fún oníbàárà. Gbogbo àyẹ̀wò yìí ni ó yẹ kí òǹtajà tún ṣe lójú ẹni tí ń rà á, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń ra òfì ní Ìsẹ́yìn ṣe máa ń tú aṣọ sí ojú oòrùn kí ó tó dá owó lé e.

Rìsíìtì ni ibi tí àdéhùn ń gbé. Ó yẹ kí nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ wà lórí rẹ̀, àti ti bátìrì àti ṣájà, pẹ̀lú iye RAM àti irú dísìkì, nítorí pé ìjà tí ó burú jù nínú òwò yìí ni èyí tí oníbàárà bá sọ pé wọ́n ti yọ nǹkan kúrò nínú ẹ̀rọ òun tàbí tí òǹtajà bá sọ pé kì í ṣe ẹ̀rọ òun ni ó padà wá. Ohun tí ìlérí kò kàn gbọ́dọ̀ hàn kedere: omi, ìṣubú, àti títú tí ẹlòmíràn bá tú u. Ṣùgbọ́n ti iná mànàmáná yàtọ̀. Àwọn òǹtajà kan máa ń kọ ọ́ pé ohunkóhun tí iná bá bàjẹ́ kò kàn wọ́n, bẹ́ẹ̀ ní Òkè-Ògùn, níbi tí iná ti máa ń ga tí ó sì máa ń rẹlẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ kékeré sì pọ̀, wọ́n ti yọ ohun tí ó ṣeé ṣe jù kí ó ba ẹ̀rọ jẹ́ kúrò, ìlérí tí ó kù kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ó sàn kí wọ́n fún ṣájà ní ọjọ́ díẹ̀ tí ó dá dúró, kí wọ́n sì sọ fún oníbàárà pé sítébíláísà pọn dandan. Bákan náà, fífẹ́ eruku ọyẹ́ kúrò nínú fáànù ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ná òǹtajà ju ìdajì wákàtí lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ń dènà ooru tí ń pa ẹ̀rọ. Irú ìlérí yìí ni ó yẹ kí ọ̀dọ́ máa ṣe. Bí ẹni tí ń rà á kò bá ka Gẹ̀ẹ́sì, kí a ka gbogbo rẹ̀ sí i létí ní Yorùbá kí ó tó sanwó.

Wáráńtì ilé-iṣẹ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. HP, Dell àti Lenovo ní ojú ewé tí a ti lè fi nọ́ńbà ẹ̀rọ wo ọjọ́ tí wáráńtì rẹ̀ yóò parí, àyẹ̀wò náà sì dára ní Ìkẹjà kí a tó sanwó, nítorí pé ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní tuntun lè ti jẹ oṣù mélòó kan nínú wáráńtì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ tí ẹ̀gbọ́n rà ní Lọ́ńdọ̀nù fún àbúrò: òfin ọdún 2015 níbẹ̀ fún òǹrajà ní ọjọ́ 30 láti kọ ọjà tí ó ní àléébù, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù ìlú òyìnbó ni ẹ̀tọ́ náà dojú kọ, kò dojú kọ atúnṣe ní Òkèhò.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá padà wá, kí òǹtajà kọ bí ó ṣe bá a sílẹ̀ lójú ẹni tí ó gbé e wá, kí ó má sì tú u lẹ́yìn rẹ̀. Fọ́tò àti iṣẹ́ àkànṣe akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọmọ iṣẹ́ yóò máa wò. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 wà fún irú rẹ̀. Bí ó bá di pé wọn yóò gbé e lọ sí Ìbàdàn, kí ọjọ́ tí yóò padà wà lórí ìwé, kí wọ́n sì yá akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò rẹ̀ ti súnmọ́ ní òmíràn. Àléébù kan náà tí ó bá padà lẹ́ẹ̀mejì kò tún yẹ fún àtúnṣe kẹta, pípààrọ̀ tàbí dídá owó padà ni ó kù.

Iye ọjọ́ fúnra rẹ̀ tún ní ìṣòro kan tí ìwé àdéhùn àwọn òǹtajà Èkó kò rò. Oníbàárà tí ó wá láti Ìgbòho tàbí Kíṣì kì í wá sí Ṣakí nígbàkigbà tí ó bá wù ú. Ọjọ́ ọjà ni ó máa ń bá wá, nítorí náà ọjọ́ méje lè parí kí ó tó rí ọkọ̀ tí yóò wọ̀. Kí òǹtajà ka ọjọ́ ọjà mọ́ ìlérí rẹ̀, kí ó máa kọ ọjọ́ tí ìlérí náà yóò parí gan-an sórí rìsíìtì, kì í ṣe «ọjọ́ mẹ́rìnlá» lásán, kí àwọn méjèèjì buwọ́ lù ú, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan.