Báwo lèèyàn ṣe ń mọ káàdì ọwọ́ ẹlòmíì?

Ìbéèrè: Òǹkàwé kan ní Ìkòtún ní ìgbàkigbà tóun bá ta Whot, òun kì í mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni kejì. Ṣé oògùn wà fún un?

Ìdáhùn: Kò sí oògùn, kíkà ni.

Káàdì 54 ló wà nínú Whot: róbótó 12, onígun mẹ́ta 12, àgbélébùú 9, onígun mẹ́rin 9, ìràwọ̀ 7, àti 20 márùn-ún. Nínú àwọn àwòrán márààrún, ìràwọ̀ ló kéré jù.

Ọjà, ìyẹn àwọn káàdì tó kù tí wọ́n ń mú nínú wọn, ló ń tú àṣírí. Bí ìràwọ̀ 4 bá wà nílẹ̀, tí ẹni kejì lọ sọ́jà, kò ní ìràwọ̀, kò ní 4, kò sì ní 20, àfi tó bá ń fi pamọ́. Tó bá wá kígbe “last card”, pé káàdì kan ló kù lọ́wọ́ òun, láìtíì mú òmíràn, kí ẹni tó ní 20 lọ́wọ́ já a sílẹ̀, kó sì pe ìràwọ̀.