Ẹ̀KỌ́ KẸRÌNLÁ: ÌTỌ́JÚ OÓWO TÍ A TI LÀ

Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, oówo ńlá kan sọ mí ní itan. Kò jẹ́ kí n jókòó, kò jẹ́ kí n sùn. Mo lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà gún mi ní abẹ́rẹ́ kí n má baà mọ ìrora, ó la oówo náà, ọyún sì tú jáde. Mo rò pé yóò rán ojú rẹ̀, kò rán an. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó kì bọ inú ihò náà, ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ kejì.

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo lọ. Ní ọjọ́ kẹrin, ìrora ti lọ. Mo sọ fún ìyàwó mi pé, "Ó ti san." Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀ ni, àbí ẹ̀yin?" Mi ò dá a lóhùn. Mo lẹ pílásítà mọ́ ọn, ó parí. Awọ bò ó lókè, ó ń dán. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ibẹ̀ tún wú, ibà dé, wọ́n sì tún un là. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìgbọ́ràn, èmi alára kò gbọ́ràn!

Kí ló dé tí a kì í sábà rán an?

Oówo tí a là a máa fi ihò sílẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ ni ẹran tuntun ti ń hù bọ̀ wá sókè. Bí ojú rẹ̀ bá tètè pa dé, ọyún tó kù yóò há sínú. A dà bí iṣu tí èèpo rẹ̀ dára, tí inú rẹ̀ sì ti rà. Nítorí èyí ni dókítà ṣe ń fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ kí ìsàlẹ̀ lè kọ́kọ́ kún.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣe

1. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó kan egbò náà, kí ẹ sì tún fọ̀ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀.
2. Ẹ padà lọ ní ọjọ́ tí wọ́n dá. Wọ́n sábà máa ń yọ aṣọ inú ihò tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì.
3. Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa wẹ̀ ẹ́ nílé, omi tí ẹ ti sè, tí ó wá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ni kí ẹ lò. Ẹ fi báńdéèjì tuntun bò ó lójoojúmọ́, àti nígbàkúùgbà tí ó bá rin.
4. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi eérú, ewé, epo, tàbí ìyẹ̀fun inú kápúsù sí i.
5. Bí wọ́n bá fún yín ní oògùn, ẹ lò ó tán, bí ara tilẹ̀ ti yá.
6. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni lo tówẹ́ẹ̀lì kan náà. Ọyún a máa ran ẹlòmíràn.
7. Ẹ bi wọ́n bóyá ó yẹ kí ẹ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Ìgbà wo ni kí ẹ yára padà?

Omi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ kò burú. Ṣùgbọ́n bí ibà bá dé, tí òtútù ń mú yín, bí ìrora bá ń pọ̀ dípò kí ó dín, bí ibẹ̀ bá ń gbóná tí wíwú rẹ̀ ń tàn, tàbí bí ọyún bá tún ń jáde, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ fi í ṣeré rárá. Ẹni tí oówo sì ń sọ léraléra, kí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ṣúgà ti pọ̀ jù níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ojú bá ń ṣepin, ojú ni à ń fi í hàn. Ẹni tó la oówo náà ni kí ẹ fi hàn.

Ìbéèrè

1. Kí ló mú kí itan ọ̀gá ilé-ìwé tún wú?
2. Níbo ni ẹran tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í hù?
3. Ẹ ka àmì mẹ́ta tí ó yẹ kí ó mú wa padà sí ilé ìwòsàn.
4. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín: "Kí ìrora lọ kò túmọ̀ sí pé egbò ti jinná."