Kí O Tó Ra Tíkẹ́ẹ̀tì, Kọ́kọ́ Wá Ọ̀nà Ilé

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe fún etí Màmá. Ní Oṣù Kejìlá ọdún kan, mo sọ fún wọn pé ìṣọ́ òru ni mo ń lọ, mo sì kọrí sí Victoria Island lọ wo olórin kan. Wọ́n kọ ọ́ sára tíkẹ́ẹ̀tì pé aago méje alẹ́ ni eré máa bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́ta òru ti kọjá kí ọkùnrin náà tó yọjú. Orin mẹ́rin ló kọ, àwa gan-an la sì bá a kọ ọ́ tán. Òun kàn ń na máìkì sí wa bí ẹni ń bu omi fún èrò ni. Bàtà gogoro tí mo wọ̀ ti dèrò ọwọ́ látìgbà tí aago mọ́kànlá ti lù. Kí n tó dé Ìgàndò, oòrùn ti yọ, Màmá sì ti dúró sẹ́nu géètì. Wọ́n wo bàtà tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n wo ojú mi tí tìróò ti ṣàn kalẹ̀, wọ́n ní, "Àdúrà yín mà gbóná lánàá o." Wọn ò bi mí ní nǹkan kan mọ́ títí dòní.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi òfin kan de ara mi: n kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì eré bí n kò bá tíì mọ bí mo ṣe máa padà sílé. Ẹni tó ń gbé Lẹ́kì lè máa ro ti olórin. Àwa tá a wà ní Ìgàndò, ọ̀nà ilé la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rò. Lílọ kò ni ẹnikẹ́ni lára. Wọ ọkọ̀ dé Ìyànà-Ìbá, kí o bọ́ sí Mile 2, kí o wọ rélùwéè aláwọ̀ búlúù tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní Oṣù Kẹsàn-án 2023. Marina ló máa já ọ sí, o ò ní mọ̀ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà láyé. Káàdì Cowry tí o fi ń wọ BRT náà ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n rélùwéè kì í dúró de olórin. Nígbà tí olúwarẹ̀ bá fi máa gun orí ìtàgé, ọkọ̀ ojú irin ti sùn.

Nítorí náà, kí n tó ṣe ohunkóhun báyìí, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Yábàá ni mo kọ́kọ́ ń pè. Bó bá ní kí n wá sùn lọ́dọ̀ òun, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá sí nílé, àwa mẹ́ta tàbí mẹ́rin tá a ń gbé ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti ọ̀dọ̀ wa níbí la máa ń dá owó ọkọ̀ jọ, a kì í sì í fi ẹnì kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà ní òun nìkan. Bí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe, mo ń jókòó síbi tí iná àti ènìyàn wà títí ilẹ̀ á fi mọ́, tí dánfó àkọ́kọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í pe èrò. Ìwọ nìkan, nínú ọkọ̀ ẹni tí o kò mọ̀ rí, lóru? Rárá o. Mo bẹ̀ ọ́.

Má rò pé ojora lásán ló ń ṣe mí. Ṣé o rántí Dagrin? Ọmọ tiwa la máa ń pè é, torí Alímòṣọ́ kan náà ni àwa àti Mẹ́ìrán àdúgbò rẹ̀. Àwo rẹ̀, C.E.O, jáde ní 2009, ó sì fi Yorùbá ìgboro ṣe ráàpù débi pé àwọn ọmọ tó ń tijú èdè wọn bẹ̀rẹ̀ sí í há a sórí. Ní Oṣù Kẹrin 2010, ọkọ̀ rẹ̀ lọ kọlu tírélà kan tó dúró sójú ọ̀nà ní Alákàrà, ní Mushin, lóru. Ó kú ní ọjọ́ 22 oṣù náà. N kì í gbọ́ orin rẹ̀ kí n má rántí títì.

Bó bá jẹ́ èmi ni màá mú ọ jáde nígbà àkọ́kọ́, a ò ní dé Island rárá. Agídíngbí la máa lọ, sí New Afrika Shrine. Ìkẹjà nìyẹn, láti Ìyànà-Ìpájà o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe Felabration, ayẹyẹ orin tí Yẹni Aníkúlápó-Kútì dá sílẹ̀ ní 1998, ọdún kan lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, Fẹlá. Oṣù Kẹwàá ni wọ́n ń ṣe é, torí ọjọ́ 15 oṣù náà ni wọ́n bí Fẹlá ní 1938, wọn kì í sì í gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Olórin tí gbogbo ayé mọ̀ àti èyí tí ìyá rẹ̀ nìkan mọ̀ ló ń gun ìtàgé kan náà. Ohun tí n kò ní fi pamọ́ fún ọ ni pé èéfín ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Má wọ aṣọ tí o fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Bí o bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun, fi nǹkan wé e.

Jẹ́ ká sọ ti aṣọ, torí iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn. Báàgì tó ń mì dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́, olè ló fẹ́ràn rẹ̀ jù. Mú aṣọ tí o fẹ́ wọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo máa rán àpò kan sí i lápá inú, níbi ìbàdí, màá sì fi ṣíìpù sí ẹnu rẹ̀. Fóònù, owó díẹ̀, káàdì, ó tán. Bàtà pẹlẹbẹ tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni kí o wọ̀, nítorí ní agbo eré, orí ẹsẹ̀ ọmọnìkejì ni gbogbo ayé ti ń jó. Jẹun yó kí o tó kúrò nílé. Abọ́ ráìsì kan tí mo rà níbi eré nígbà kan, n bá fi owó rẹ̀ ra yáàdì ańkárá méjì. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹnì kan tí o kò mọ̀ ní òun fẹ́ tà fún ọ lórí WhatsApp nítorí pé "ìrìn-àjò já lu òun", fi í sílẹ̀ fún un. Mo ti ra irú rẹ̀ rí. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́ pé ẹlòmíràn ti fi nọ́ńbà kan náà wọlé.

Ọ̀rọ̀ èrò ni n kò ní bá ọ ṣeré lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 15 Oṣù Kejìlá 2022, Asake fẹ́ ṣeré ní gbọ̀ngàn O2 Academy ní Brixton, ní Lọ́ńdọ̀nù. Èrò pọ̀ níta, wọ́n ń tira wọn, ilẹ̀kùn kò gbà wọ́n. Ẹni méjì ló bá a lọ, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún 2024 ni wọ́n tó ṣí gbọ̀ngàn náà padà. Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn o, níbi tí wọ́n ti ń tò sórí ìlà ra búrẹ́dì. Nítorí náà, bí o bá dé òde eré, wo ibi tí wọ́n ń gbà jáde kí o tó wo ìtàgé. Ẹ̀gbẹ́ ni kí o dúró sí. Bí èrò bá ń tì ọ́, má tì wọ́n padà. Ká apá méjèèjì síwájú àyà kí o lè ráyè mí, kí o wá máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Ohun yòówù tó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ì báà jẹ́ fóònù, má bẹ̀rẹ̀ mú un.

Ká sòótọ́ ṣá, òde eré kọ́ ni mo ti ń gbádùn orin jù. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni. Bí iná bá wà, tí oníbàárà kankan kò sì wá bá mi jà lórí aṣọ Sátidé, odindi àwo ni mo máa ń gbọ́, láti orin àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Iṣẹ́ ni mo fi ń wọn gígùn wọn. Mr. Money with the Vibe tí Asake gbé jáde ní 2022 kò ju bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. N kì í tíì rán bùbá kan tán tó fi ń parí. Made in Lagos ti Wizkid, ti Oṣù Kẹwàá 2020, tó kí n gé ìró àti bùbá, kí n sì ṣẹ́tí ìró náà. Alẹ́, nígbà tí dátà bá dínwó, ni mo máa ń gbà wọ́n sórí fóònù, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má baà já mi kulẹ̀ lọ́sàn-án.

Èyí tí n kò lè fi ránṣọ ni Morayo. Orúkọ ìyá Wizkid ló fi sọ ọ́, ìyá tó kú ní Oṣù Kẹjọ 2023. Àwo náà dé ní Oṣù Kọkànlá 2024. Moráyọ̀: mo rí ayọ̀. Kí ìyá ẹni kú, kí ènìyàn wá sọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní "mo rí ayọ̀"! Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo dá ẹ̀rọ dúró, mo fi fóònù pe Màmá láti ṣọ́ọ̀bù, mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun. Wọ́n ní kí ló dé. Mo ní kò sí.

Bí orin tuntun kan bá sì wọ̀ ọ́ lára, bi í léèrè pé ọmọ ta ni. "Love Me JeJe" tí Tems fi gba Grammy ní Oṣù Kejì 2025, ọwọ́ Ṣèyí Sodimu ló ti mú un, ẹni tó ti kọ tirẹ̀ láti 1997. Àwọn obìnrin tó ń gbé àwo jáde lónìí, Sàláwà Àbẹ̀ní ti ro ọ̀nà fún wọn: 1976 ló ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀, lórí ikú Múrítàlá Muhammed, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Alááfìn Làmídì Adéyẹmí ló dé e ládé wákà ní 1992. Gbọ́ ohùn obìnrin yẹn lọ́jọ́ tí ara rẹ bá rọ̀.

O kéré nígbà tí Bàbá ń gbé àwo Hárúnà Ìṣọ̀lá sórí ẹ̀rọ. Ojú kan àwo, orin kan ṣoṣo, bí ogún ìṣẹ́jú. Ọkùnrin náà á kí ẹni tó yẹ ní kíkí, á pòwe, á yà sọ́nà ibòmíràn, á tún padà sídìí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bàbá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé abẹ́rẹ́ kúrò láàárín. Wọ́n ní a kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Abẹ́rẹ́ ló ń kọrin fún wọn, abẹ́rẹ́ náà ló ń bọ́ mi. Bóyá ìdí nìyẹn tí n kì í fi í fo orin.

Etí ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí ohùn bá tó 80 désíbẹ́ẹ̀lì, kí ènìyàn má gbọ́ ọ ju ogójì wákàtí lọ lọ́sẹ̀. Kí o tó ki íápíìsì bọ etí, Ìgàndò ti bá ọ ná púpọ̀ nínú wákàtí wọ̀nyẹn: jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, oníwàásù inú ọkọ̀, kọ̀ndọ́ tó ń ké Ìyànà-Ìpájà bí ẹni tí ilé ń jó. Rọra yí i sílẹ̀. Nínú kórópe, etí kan ni kí o fi gbọ́ orin. Èkejì ni o máa fi mọ̀ bí wọ́n bá yà kúrò lọ́nà.

Ẹni tí kò lówó tíkẹ́ẹ̀tì kò pàdánù ohun púpọ̀. Sátidé tó kọjá, wọ́n na kánópì dí ojú títì ẹ̀yìn ilé wa. Olórin fújì kan tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí kọrin láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú, ó mọ oríkì onínàáwó, ó sì bá ìyàwó ilé yanjú ìjà láàárín orin. Èyí tí mo lọ sanwó wò lóru ọjọ́sí kò tó o lẹ́sẹ̀. Ohun kan ṣá: má lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí mọ́. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni wọ́n sì dá fún Bobrisky nítorí rẹ̀ ní Oṣù Kẹrin 2024. Fi owó sínú àpòòwé tàbí kí o fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀. Yóò dárúkọ rẹ bákan náà, àfàìmọ̀ kó má tún fi ti bàbá rẹ kún un.

Bí o bá fẹ́ bá mi lọ sí Agídíngbí ní Oṣù Kẹwàá, gbé aṣọ rẹ wá kí Oṣù Kẹsàn-án tó parí, kí n ráyè fi àpò sí i. N kò parọ́ fún Màmá lọ́tẹ̀ yìí. Mo sọ fún wọn pé eré Fẹlá la ń lọ. Wọ́n ní kí n wọn àwọn náà.