Èrò Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ Lórí Sinimá Kan tí a Ṣe fún Àwọn Ọmọdé

Ọ̀rọ̀ ikú jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà kì í fẹ́ sọ lójú ọmọdé. Bí bàbá àgbà bá kú nínú agbo ilé kan ní Òṣogbo tàbí ní Iléṣà, ọmọ kékeré tí ó bá bèèrè rẹ̀ lè gbọ́ pé bàbá rìnrìn àjò ni, yóò sì padà dé. Ọmọ náà yóò máa wo ọ̀nà títí yóò fi mọ òtítọ́ fúnra rẹ̀. Àánú ni ó ń mú kí àwọn àgbà ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó yẹ láti bèèrè bóyá ó tọ́ kí a fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún ọmọ. Ìbéèrè yìí ni sinimá kan tí ń jẹ́ Coco tún gbé dìde ní ọdún 2017.

Sinimá náà kì í ṣe èyí tí ènìyàn ẹlẹ́ran ara ń ṣeré nínú rẹ̀. Àwòrán yíyà ni, irú èyí tí àwọn ọmọdé ń pè ní kàtúùnù. Ilé iṣẹ́ Pixar ní Amẹ́ríkà ni ó ṣe é, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Mẹ́síkò ni a fi ìtàn inú rẹ̀ sí. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní àti ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá lọ́dọọdún, àwọn ará Mẹ́síkò a máa ṣe ọdún ìrántí àwọn òkú wọn. Wọn a tẹ́ pẹpẹ sínú ilé, wọn a gbé fọ́tò àwọn tí ó ti kú sí orí rẹ̀, wọn a sì fi òdòdó, àbẹ́là àti oúnjẹ tí olóògbé fẹ́ràn ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Miguel, ọmọ ọdún méjìlá, ni eré náà dá lé lórí. Iṣẹ́ bàtà ni gbogbo ìdílé rẹ̀ ń ṣe, orin sì jẹ́ èèwọ̀ ní ilé wọn, nítorí pé baba ńlá wọn kan fi aya àti ọmọ sílẹ̀, ó lọ kọrin kiri, kò sì padà wálé mọ́. Wọ́n ya ojú rẹ̀ kúrò nínú fọ́tò ìdílé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní alẹ́ ọdún náà, Miguel mú gìtá olókìkí olórin kan tí ó ti kú, lójú kan náà ó sì bá ara rẹ̀ láàrin àwọn ará ọ̀run. Ibẹ̀ ni ó ti pàdé Héctor, baba ńlá tí a ń wí yìí. Òtítọ́ wá hàn nígbẹ̀yìn pé ọkùnrin náà kò kọ ìdílé rẹ̀ sílẹ̀: ó ti múra láti padà sílé nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún un ní májèlé mu, tí ó sì kó àwọn orin rẹ̀ lọ. Nínú ìtàn náà, òkú tí a bá ti gbàgbé pátápátá láyé a máa kú ikú kejì. Coco, ọmọ Héctor, nìkan ni ó ṣì rántí rẹ̀, òun náà sì ti di arúgbó tí iyè rẹ̀ ń rá. Orin tí bàbá rẹ̀ máa ń kọ fún un ní kékeré ni Miguel padà wá kọ sí i létí, tí iyè rẹ̀ fi sọ.

Èrò àwọn òǹwòran kò ṣọ̀kan lórí irú eré báyìí. Àwọn kan wí pé kò yẹ ọmọdé. Egungun lásán ni a fi ya àwọn òkú, bí wọ́n tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n sì ń jó. Wọ́n ní ọmọ tí ó bá rí i lè máa ta gìrì lójú oorun, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú sì lè rò pé ọ̀nà kan wà tí òun lè gbà lọ bá a. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Àríyànjiyàn mìíràn ti wáyé kí sinimá náà tó jáde. Ní ọdún 2013, Disney, ilé iṣẹ́ tí ó ni Pixar, fẹ́ fi orúkọ ọdún àwọn òkú náà ṣe àmì ọjà tirẹ̀ lábẹ́ òfin. Àwọn ọmọ Mẹ́síkò tí ń gbé ní Amẹ́ríkà fi ariwo ta: ta ni ó lè fi ọdún àwọn baba ńlá wọn ṣe ọjà? Ilé iṣẹ́ náà yọ ọwọ́ kúrò, wọ́n sì pe Lalo Alcaraz, ayàwòrán tí ó ti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, pé kí ó wá máa gbà wọ́n nímọ̀ràn. Nígbà tí a gbé sinimá náà jáde ní Mẹ́síkò ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, àwọn èrò ya lọ wò ó, kò sì sí sinimá tí ó pa owó tó o rí ní ilẹ̀ náà títí di ìgbà náà.

Àwọn ẹlòmíràn rí ìtùnú nínú rẹ̀, ohun tí wọ́n rí kò sì ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọkùnrin tí a bí lẹ́yìn ikú bàbá àgbà a máa jẹ́ Babátúndé. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, Ìborí-adé a máa wáyé, níbi tí a ti ń kó adé àwọn Àtáọ́ja tí ó ti wàjà jọ fún ìwúre. Ní Iléṣà, orúkọ oyè Ọwá Obòkun ń rán gbogbo ènìyàn létí ọmọ tí ó lọ bu omi òkun wá láti fi wo ojú bàbá rẹ̀ sàn. Kí fọ́tò tó dé rárá, orúkọ àti oríkì ni fọ́tò àwọn baba ńlá.

Bí a bá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, a ó rí i pé ikú nìkan kọ́ ni ó ba ìdílé Miguel jẹ́. Ìdájọ́ tí wọ́n ṣe láìgbọ́ ẹnu ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run nínú ìrántí. Àwọn àgbà sì ti wí pé, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Héctor kò lè fọhùn láti wí àwíjàre. Ọmọ kékeré ni ó bá a rò ó.

Nítorí náà, àwọn tí ń bẹ̀rù fún ọmọdé kò jẹ̀bi, àwọn tí ó yin sinimá náà kò sì ṣìnà. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí ọmọdé má ṣe dá nìkan wò ó. Kí òbí jókòó tì í, kí ó gba ìbéèrè rẹ̀, kí ó sì dá a lóhùn ní òtítọ́. Bí ọmọ náà bá bèèrè pé níbo ni bàbá àgbà wà, kí a sọ fún un pé ó ti kú. Lẹ́yìn náà, kí a kọ́ ọ ní oríkì rẹ̀.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó fà á tí orin fi di èèwọ̀ ní ilé Miguel?
2. Sọ èrò mẹ́ta tí ó wà nínú àyọkà yìí, kí o sì sọ èyí tí ó tẹ́ ọ lọ́rùn jù àti ìdí rẹ̀.
3. Báwo ni òwe tí a pa nínú àyọkà yìí ṣe bá ọ̀rọ̀ Héctor mu?
4. Bèèrè oríkì baba ńlá rẹ kan lọ́wọ́ àgbà ilé rẹ, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀.