Ìtumọ̀ Orúkọ Èròjà Wàrà Lára Páálí Oúnjẹ Inú Fìríìsà

Lára páálí oúnjẹ inú fìríìsà, wàrà a máa fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ mìíràn: casein, whey, lactose. Olùkọ́ ní Ìta-Ògbólú lè fi wàrà àwọn Fúlàní ṣàlàyé wọn. Bí a bá da oje ewé bòmubòmu sí wàrà lórí iná, yóò dì. Purotéènì tí ó dì ni casein: purotéènì ìdì wàrà. Omi tí ó sun jáde ni whey: omi wàrà. Inú omi yìí ni lactose, ṣúgà wàrà, pọ̀ sí jù. Nítorí náà, kí atúmọ̀ má ṣe sọ “kò ní ṣúgà wàrà” di “kò ní wàrà”. Ṣúgà náà a máa da inú rú. Purotéènì lè ṣekú pa ẹni tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́.